Datsun Ọmọ Wolé-wolé

Òkun o, gbogbo ilé.

Ní Kàbà níbí, àwọn ọmọ kíláàsì mi kì í pe orúkọ mi tí mo bá ti kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ìyá Datsun ni wọ́n ń pè mí. Mo gbọ́, mo sì dákẹ́, torí òótọ́ ni wọ́n sọ. Ti àwọn ojúgbà mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló máa ń dùn mí díẹ̀: "Ìyá Tóbi, ìgbà wo lẹ ó ra mọ́tò?" Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́tò pa lójú wọn! Datsun 120Y tí Baba mi rà ní 1975 ni mò ń wà. Ó ń gbé mi lọ sí iléèwé, ó ń gbé mi lọ sóko, ó ń gbé mi re ìsìnkú àti ìgbéyàwó káàkiri ilẹ̀ Ìjùmú. Tí ìyẹn kì í bá ṣe mọ́tò, kí ni wọ́n ń pè é?

Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa Datsun kò ju ẹyọ kan lọ. Mọ́tò tí kò wọ́n, oríṣi méjì ni. Àwọn tó ṣe èkíní jókòó, wọ́n ronú, wọ́n yọ gbogbo ohun tí ènìyàn lè ṣe aláìní, ó wá ku èyí tí kò ṣeé yọ, wọ́n sì ṣe ìyẹn dáadáa. Èkejì, iye tí wọ́n fẹ́ tà á ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, wọ́n wá ń yọ nǹkan kúrò títí tí mọ́tò fi bá iye náà mu. Èyí tó yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé orúkọ kan ṣoṣo ni méjèèjì jẹ́.

Wolé-wolé ni Baba mi, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ kànga, ilé ìdáná àti ṣáláńgá wò láti abúlé dé abúlé. Kẹ̀kẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sórí alùpùpù, alùpùpù náà sì gbé e ṣubú lọ́nà Bùnú nígbà òjò kan, egungun èjìká rẹ̀ kan kò bọ̀ sípò dáadáa títí ó fi kú. Ní 1974, ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀ dábàá pé kí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tí 1975 bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó àfikún owó àwọn oṣù tó ti kọjá pọ̀, wọ́n san án lẹ́ẹ̀kan. Iye mi, ìyẹn ìyá mi, sọ fún wa pé ìgbà yẹn ni rédíò Japan kún ọjà, tí ẹni tí kò wọ aago rí bẹ̀rẹ̀ sí í ká apá aṣọ sókè bó bá ń kí ènìyàn. Àwọn mìíràn fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó. Baba mi yá owó mọ́tò lọ́wọ́ ìjọba kún tirẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó, ó sì wa Datsun aláwọ̀ ọsàn kan wálé. Nọ́ńbà KW ni wọ́n kàn mọ́ ọn, torí abẹ́ Kwara la wà nígbà náà. Ó di 1991 kí wọ́n tó yọ wá kúrò láti dá Kogi sílẹ̀.

Iye mi yí mọ́tò náà po. Ó ní, "Baba Olú, ṣé kékeré yìí lẹ kó gbogbo owó Údójì lé?"

Baba mi ní, "Kọ́kọ́ wọlé jókòó ná."

Ó jókòó. Kò tún bi í ní ìbéèrè yẹn mọ́.

Kì í ṣe pé Baba mi kò rí mọ́tò mìíràn. Ọdún 1975 yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní Èkó. 504 wà fún àwọn ọ̀gá àgbà. Ìjàpá Volkswagen wà lóòótọ́, apá òṣìṣẹ́ kékeré sì ká a, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, bẹ́ẹ̀ ìyá àgbà kan wà nílé wa tí kò lè tẹ̀ kọjá lẹ́yìn àga iwájú kí ó tó jókòó. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ni Datsun ní. Ohun tó parí ìjíròrò nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, mọ́tò yìí sì ti bá mi kọ́ wọn ju ìwé lọ. Ní òpin 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tó ní epo ní àwọn kò tà fún Amẹ́ríkà mọ́, kò sì pẹ́ tí owó epo rọ̀bì fi di ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń wa mọ́tò gbọọrọ tò sílé epo láti òwúrọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá mọ́tò tí kì í mu epo púpọ̀, wọ́n sì bá Datsun B210 pàdé, èyí tí àwa ń pè ní 120Y. Owó epo tó gbówó lórí yẹn náà ló kún àpò ìjọba tiwa, òun ni wọ́n rí tí wọ́n fi san owó Údójì. Àìtó owó ló ti ará Amẹ́ríkà sínú Datsun, ànító owó ló gbé Baba mi débẹ̀, orísun kan náà sì ni méjèèjì. Tí mo bá ti sọ ìyẹn tán, àwọn ọmọ á wo ojú fèrèsé, síbi tí mọ́tò náà wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ìwé wo ló lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Datsun dàgbà ju Nissan, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, fúnra rẹ̀ lọ. Ní 1911, Masujiro Hashimoto, ẹnjiníà kan tó ti lọ kọ́ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, dá ilé iṣẹ́ Kwaishinsha sílẹ̀ ní Tokyo. DAT ni wọ́n pe mọ́tò tí wọ́n gbé jáde ní 1914, lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ àwọn mẹ́ta tó fi owó ràn án lọ́wọ́: Den, Aoyama àti Takeuchi. Ọkùnrin náà gbọ́n. Ẹni tó bá rí orúkọ ara rẹ̀ lára mọ́tò, ojú á tì í láti tètè béèrè owó rẹ̀.

Ọjà kò yá bí wọ́n ṣe rò. Òfin ló wá ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ní 1930, ìjọba Japan kéde pé ẹni tó bá ń wa mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 500 cc lọ kò ní láti gba ìwé ìwakọ̀. Ilé iṣẹ́ náà lọ ṣe ẹ́ńjìnnì 495 cc. Ẹni tó bá mọ oníṣòwò mọ̀ pé 5 cc tó ṣẹ́kù yẹn kì í ṣe èèṣì. Datson, ìyẹn ọmọ DAT, ni wọ́n kọ́kọ́ pe mọ́tò kékeré náà ní 1931. Ìparí orúkọ yẹn jọ àdánù létí ará Japan, wọ́n sì yí i sí Datsun. Oníṣòwò ńlá kan, Yoshisuke Aikawa, gba iṣẹ́ náà mọ́ra, ilé iṣẹ́ rẹ̀ di Nissan ní 1934, nígbà tó sì di 1935 Datsun ti ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láti ilé iṣẹ́ ńlá wọn ní Yokohama.

Ogun dé, ogun lọ. Ní 1952 wọ́n bá Austin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn, wọ́n ń to mọ́tò Austin ní Japan, wọ́n sì ń fojú sí bí wọ́n ṣe ṣe é. Àwọn tó pe mọ́tò Japan ní ayédèrú nígbà náà kò wo ibí yìí. Wọ́n kọ́ṣẹ́ ni, bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń kọ́ ọ lábẹ́ ọ̀gá, wọ́n sì gba fírídọ́ọ̀mù. Ní 1958, Yutaka Katayama, òṣìṣẹ́ Nissan kan, kó Datsun kékeré méjì, ẹ́ńjìnnì 988 cc, lọ sí ìdíje yíyí Australia po, nǹkan bí kìlómítà 16,000. Ọ̀kan nínú wọn gba ipò kìíní láàárín àwọn mọ́tò tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Katayama yìí ni wọ́n rán lọ tà Datsun ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, ó sì tà á.

Baba mi kò mọ gbogbo ìyẹn. Safari ló mọ̀. Ìdíje tó wà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni Safari, ọ̀nà ibẹ̀ kún fún erùpẹ̀ pupa, ẹrẹ̀, kòtò àti màlúù tí kò mọ̀ pé ìdíje ń lọ. Ẹ fi ojú inú wo ọ̀nà abúlé Bùnú ní oṣù Kẹsàn-án. Edgar Herrmann fi Datsun gba Safari ní 1970 àti 1971. Ní 1973, Shekhar Mehta, ọmọ Íńdíà tí wọ́n bí ní Ùgáńdà, gbà á. Ó padà wá gbà á ní 1979, 1980, 1981 àti 1982. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ níwájú Baba mi pé agolo ni mọ́tò Japan. Á ti dárúkọ Mehta kí onítọ̀hún tó gbé ẹnu kúrò.

Nígbà tí Baba mi lọ, tí a jókòó pín ẹrù, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò bá mi du Datsun. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Àbújá ti bá àwọn tó ń ra pàǹtí irin sọ̀rọ̀ pàápàá. Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ tèmi sí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kọ ọ́. Ilẹ̀ ni wọ́n ń jà sí.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún yín. A12 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, 1171 cc, sílíńdà mẹ́rin. Àyè tó yí i ká pọ̀ débi pé ẹ ó máa rí ilẹ̀ láti òkè; ọwọ́ wọlé, ọwọ́ jáde, ẹnìkan kò ní họ ẹ̀yìn ọwọ́. Ṣéènì ló ń yí tàímínì rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì tó lè já lójijì kó sì ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Táyà ẹ̀yìn ló ń tì í. Sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra, irú tó wà lábẹ́ lọ́rì, àgbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ sì lè tún un rọ. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀, kò sí sẹ́ńsọ̀ kan tó máa tan iná pupa kí ọkàn yín máa já.

Mẹkáníìkì mi ti dàgbà. Òun ló tún mọ́tò yìí ṣe fún Baba mi, kò sì pè mí ní orúkọ rí: Ọmọ Wolé-wolé ni. Ó ní ọmọ iṣẹ́ kan, ọmọ dáadáa, tó mọ Corolla lórí. Lọ́jọ́ kan tí mọ́tò mi ń ṣe pọ̀-pọ̀-pọ̀, ọmọ yìí gbé síkánà rẹ̀ wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ sítíárì, ó ń wá ibi tí yóò ki wáyà bọ̀. Ó wá a títí.

"Bàbá, mi ò rí ojú ẹ̀."

Bàbá ní, "Etí ni wọ́n fi ń síkáànù tiẹ̀. Dìde."

Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ tọ̀ọ́tù díẹ̀, ó gbọ́, ó ní kọ́ńtáàtì ni, irin kékeré méjì tó ń jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì ṣá iná. Ó ṣí ìdérí dísítíríbútọ̀. Àlàfo tó yẹ kó wà láàárín kọ́ńtáàtì A12 jẹ́ mílímítà 0.45 sí 0.55, ṣùgbọ́n èmi kò rí i kí Bàbá fi ohun ìwọ̀n kankan wọ̀n ọ́n rí. Páálí sìgá tí kò mu ló ká, ó ki í bọ̀ ọ́, ó so nọ́ọ̀tì. Ẹ́ńjìnnì padà sí ohùn rẹ̀. Ọmọ náà dákẹ́, ó wá béèrè bóyá òun lè tún un ṣí kí òun fojú ara òun rí i. Mo jókòó dè wọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo sì ń máàkì ìwé àwọn ọmọ mi lórí bẹ́ǹṣì, torí mo mọ ohun tí ìbéèrè yẹn tọ́ sí. Bàbá ò ní wà títí, kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ sì nìyí, ẹni tó mọ̀ ọ́n fọ̀ ń dín kù lójoojúmọ́.

Ti kábúrétọ̀ nìkan tó àpilẹ̀kọ. Ìdọ̀tí inú epo tí wọ́n ń tà fún wa ni ọ̀tá rẹ̀. Fílítà kékeré tó han gbangba, èyí tí owó rẹ̀ kò tó oúnjẹ ọ̀sán, ni mo fi sójú ọ̀nà epo, mo sì ń pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó dúdú. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ fa ṣóòkì jáde tán, ẹ má tẹ tọ̀ọ́tù, ẹ sítáàtì, ẹ jẹ́ kó kùn fún ìgbà díẹ̀, ẹ wá ti ṣóòkì padà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá kánjú, epo á rin púlọ́ọ̀gì rẹ̀, á sì fẹsẹ̀ rìn dé iléèwé. Ní ti ohun èlò ẹ́ńjìnnì, bọ́ọ̀sì Vanette àtijọ́ ló gbà wá là: mọ̀lẹ́bí A12 ni ẹ́ńjìnnì inú wọn, ọ̀pọ̀ nǹkan tó bá tiwọn mu á bá tèmi mu, ọjà Ládípọ̀ ní Èkó sì ṣì ń rí wọn. Ara mọ́tò ló le. Páánù Datsun tín-ín-rín, ìpẹtà sì ń jẹ ẹ́. Tí Èkó ni tèmi wà létí òkun iyọ̀ ni, ì bá ti tán. Kàbà yìí náà, páńẹ́lì-bítà ti jó irin mọ́ ibi tí ẹsẹ̀ dírẹ́bà ń gbé, torí mo ti ń rí kóltà ọ̀nà láàárín bàtà mi méjèèjì.

Ó wá kan bí orúkọ náà ṣe kú. Ní 1981 Nissan kéde pé àwọn máa pa orúkọ Datsun rẹ́, kí gbogbo mọ́tò àwọn máa jẹ́ Nissan kárí ayé. Ó tó 1986 kí wọ́n tó parí rẹ̀. Èmi kò rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ títí di òní. Orúkọ tí ará Kẹ́ńyà, ará Amẹ́ríkà àti wolé-wolé Kàbà jọ mọ̀, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ wá ná òbítíbitì owó láti fi kọ́ wọn ní òmíràn! Ní tiwa níhìn-ín, a kò tilẹ̀ dá wọn lóhùn. Píkọ́ọ̀pù tí wọ́n kọ NISSAN gàdàgbà sí lẹ́yìn, Datsun ni àwọn tó ń fi kó iṣu láti Ìsánlú ń pè é.

Wọ́n padà jí òkú náà. Ní 2012 Carlos Ghosn, ọ̀gá Nissan nígbà náà, kéde pé Datsun ń bọ̀ wá fún àwọn tó ń ra mọ́tò àkọ́kọ́ láyé wọn. Wọ́n ṣí aṣọ lójú Datsun Go ní New Delhi ní 2013, wọ́n sì ta Datsun tuntun ní Íńdíà, Indonesia, Rọ́ṣíà àti South Africa. Ní 2014, Global NCAP, àwọn tó ń fi mọ́tò gbá ògiri láti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó wà nínú rẹ̀, gbá Go. Kò rí ìràwọ̀ kankan gbà lórí ààbò àgbàlagbà. Egungun mọ́tò náà fúnra rẹ̀ ni kò dúró, kò sì sí airbag níbẹ̀, àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú láti gba ènìyàn sílẹ̀ nígbà ìjàǹbá. Wọ́n ní kí Nissan kó o kúrò lọ́jà. Nígbà tó di 2022, orúkọ Datsun tún kú lẹ́ẹ̀kejì.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. 120Y Baba mi náà kò ní airbag. Bẹ́ẹ̀ ni, kò ní. Ọdún 1973 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, gbogbo ohun tó yẹ kí mọ́tò kékeré ní lọ́dún yẹn ni wọ́n fi sí i, wọ́n tún fi ilẹ̀kùn mẹ́rin àti rédíò lé e. Ẹni tó rà á kò rí i pé wọ́n fi òun sí ìsàlẹ̀ tábìlì. Ní 2014, gbogbo ayé ti mọ ohun tó ń pa ènìyàn nínú mọ́tò, wọ́n ti mọ bí a ṣe ń dènà rẹ̀, Nissan sì wo ẹni tó ń ra mọ́tò fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, wọ́n ní èyí tó tó o nìyí. Ìyẹn ni mo ń bá wọn jà sí. Àìní kọ́ ni; ìfojú-kéré-ẹni ni.

Ara mi náà kò le débi tí mo máa purọ́. Mi ò kì í gbé Datsun lọ sí Lọ́kọ́ja mọ́. Àwọn tírélà sìmẹ́ńtì tó wà lọ́nà Ọ̀bájánà kò rí mi, páánù tín-ín-rín yẹn kò sì ní gbà mí sílẹ̀. Mọ́tò èrò ni mò ń wọ̀. Iná iwájú rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó, nítorí náà kí ilẹ̀ tó ṣú ni mo ti ń délé. Bìréèkì rẹ̀ ń fẹ́ ẹni tó ti rò ó tẹ́lẹ̀. Tí a bá ń gun òkè lọ́nà Ọ̀mùò-Èkìtì, tí èrò sì kún, jíà kejì la ó fi gùn ún, àwọn tó wà lẹ́yìn wa á sì máa fọn fèrè. Kí wọ́n máa fọn.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 kọjá ₦500, kó tó tún wá gbéra sókè, ẹ̀fẹ̀ ti dín kù níléèwé wa. Jíìpù ọ̀gá kan wà nílé rẹ̀, ó fi aṣọ bò ó. Àwọn tó ń béèrè ìgbà tí mo máa ra mọ́tò ti ń dúró dè mí lẹ́nu géètì báyìí tí a bá ti jáde: "Ìyá Tóbi, ṣé àyè kan wà lẹ́yìn?" Àyè wà. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló ní.

Ìdí tí mo tilẹ̀ fi kọ èyí nìyí. Rọ́bà tó yí gíláàsì iwájú ká ti gan, òjò sì ń wọlé sí mi létí ẹsẹ̀. Wọ́n ti bá mi wá a dé Ládípọ̀, ti mọ́tò mìíràn ni wọ́n ń gé fún mi, kì í sì í pẹ́ kó tó ṣí. Mo tún ń wá ìdérí iná ẹ̀yìn, apá òsì. Ẹni tó bá mọ ilé tí 120Y kan ti jókòó sílẹ̀, yálà ní Mọpà ni o, Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀, ìrísí àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1973 ni kó jẹ́ o, kì í ṣe èyí tó ní igun-igun tó tẹ̀lé e, kí ó jọ̀wọ́ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún mi nísàlẹ̀ níbí. N ó mú Bàbá mẹkáníìkì àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dání wá, a ó sì san owó lójú ẹsẹ̀.